Yíya Fọ́tò Ọkọ̀ Ojú Irin àti Ibùdókọ̀ Rẹ̀ ní Èkó: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ló wà lára ọkọ̀ ojú irin tó fi yẹ kí èèyàn máa gbé kámẹ́rà tẹ̀lé e kiri?

Èkó tí a mọ̀ lónìí, ojú irin ló tò ó. Ẹ wo Oyìngbò, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, Yábàá, Muṣin, Oṣòdì, Ìkẹjà, Agége, Ìjú, Àgbàdo: gbogbo wọn so mọ́ ọ̀nà irin kan ṣoṣo bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà náà láti Ìdó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta ọdún 1901, wọ́n ti ṣí i títí dé Ìbàdàn. Ọjà tẹ̀lé e, ilé iṣẹ́ tẹ̀lé e, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó náà gùn ún wọlé. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, àwọn ará rélùwéè ló wà níwájú, Michael Imoudu sì ni olórí wọn.

Láàárín ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí, ọ̀nà yìí ti ń yí padà lójú wa kòrókòró. Fọ́tò ọjọ́ tí ìjọba wá ṣí sítéṣọ̀n tuntun pọ̀ lọ jàra. Fọ́tò ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó wó o ló ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ń lọ ni kí a kọ́kọ́ yà, èyí tó ń bọ̀ á dúró dè wá. Orí èyí ni gbogbo ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé.

Ojú irin mélòó ló wà l'Ékòó báyìí? Mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ojú irin àtijọ́ wà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́. Ó rí tóóró: mìlímítà 1,067 ló wà láàárín irin kan sí èkejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni èyí tó fẹ̀ wà, mìlímítà 1,435, tó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 157. Ilé iṣẹ́ CCECC ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021.

Red Line tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń lò, orí irin tó fẹ̀ yìí kan náà ló ń gbà, láti Àgbàdo dé Oyìngbò, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, àmọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó wọ̀ ọ́. Lára àwọn ọkọ̀ tí Èkó rà fún un ni méjì tí ilé iṣẹ́ Talgo ti kọ́ kalẹ̀ l'Ámẹ́ríkà fún ìpínlẹ̀ Wisconsin, tí Wisconsin kò sì lò wọ́n.

Blue Line dá dúró ní tirẹ̀. Iná mànàmáná ló ń gbé e, ó ń ti Mile 2 lọ sí Màrínà, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí pé Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, ti fẹ́ fún wa ní Metroline, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, láti ọdún 1983, tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari sì fagi lé e ní 1985. Buhari yẹn kan náà, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá, ló wá ṣí Blue Line ní oṣù kìíní ọdún 2023. Bí ẹ bá dúró sí Màrínà pẹ̀lú kámẹ́rà yín, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Fọ́tò tí ẹ máa yà níbẹ̀ á yàtọ̀.

Ìlú ń yí padà kíákíá. Kí ni kí n kọ́kọ́ yà?

Ibi tí títì àti ojú irin ti pàdé. Òun ló ń tètè pòórá jù. Nígbà tí Red Line ń bọ̀, wọ́n kọ́ afárá sí Oyìngbò, Yábàá, Muṣin àti Ìkẹjà kí mọ́tò má baà gba orí irin kọjá mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ló dá sí. Ṣùgbọ́n ìgbé ayé kan bá a lọ. Ẹni tó bá ti dúró ní ojú irin Yábàá láyé ìjọ́sí mọ bó ṣe máa ń rí: ọkùnrin kan á jáde pẹ̀lú àsíá pupa lọ́wọ́, á fa irin dí títì, àwọn ọlọ́kadà á ṣì máa bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà á lo àyè yẹn láti gbé igbá rẹ̀ káàkiri ojú fèrèsé dánfó. Fèrè á dún láti ọ̀nà Muṣin, ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó rí ohunkóhun, lẹ́yìn náà ni fàkàfìkì fàkàfìkì á gba iwájú gbogbo yín kọjá, àwọn ọmọkùnrin á sì jókòó sórí òrùlé rẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ lọ wá ojúlówó fọ́tò èyí, tó ní ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á, ẹ ó rí i pé kò pọ̀ rárá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Oṣòdì. Kí ìjọba Fáṣọlá tó tú ọjà yẹn ká ní oṣù kìíní ọdún 2009, orí ojú irin gan-an ni àwọn kan ń pàtẹ sí. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á ká ọjà wọn kúrò, bó bá ti kọjá tán, wọ́n á tún tẹ́ ẹ padà. Bí fọ́tò Oṣòdì ìgbà yẹn bá wà nínú ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́.

Ìdó ńkọ́? Àwọn tó ń bọ̀ láti Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Ìlọrin, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkó. Ẹ ya àwọn nǹkan kéékèèké ibẹ̀: àkọlé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àga tí àpọ̀jù ìjókòó ti mú kó máa dán. Odidi ilé, èèyàn púpọ̀ á yà á. Ọwọ́ ìlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ títí wọ́n fi máa tú u lọ.

Ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, Jaekel House ṣì dúró. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì yìí. Ẹgbẹ́ Legacy, tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, wọ́n sì kó fọ́tò àti ohun èlò rélùwéè sínú rẹ̀. Ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó dé Mobolaji Johnson Station ní Alágòméjì, sítéṣọ̀n ńlá tuntun tí wọ́n fi orúkọ gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó sọ. Láàárín ìrìn ẹsẹ̀, ẹ ti rí ọgọ́fà ọdún ó lé. Mo fẹ́ràn àdúgbò yìí ju gbogbo ibòmíì lọ fún fọ́tò, òun sì ni mo máa ń rán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ìmọ̀ràn kan sí i: ẹ yan ojú ibì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè máa padà sí, ẹ dúró síbi kan náà, ẹ kọjú sí apá kan náà. Ẹ rántí àmì tẹ́ ẹ fi dúró, bóyá òpó iná tàbí igun ilé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn fọ́tò yẹn á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ṣé òfin gbà mí láàyè láti ya fọ́tò ní sítéṣọ̀n?

Mi ò mọ òfin kan tó dárúkọ sítéṣọ̀n pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin àṣírí ìjọba wà láti ọdún 1962, tó ka yíya àwòrán ibi tí ìjọba ń dáàbò bò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni náà bá ní in lọ́kàn láti ṣe ìpalára fún ààbò orílẹ̀-èdè. Orí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ máa ń dúró lé, ì báà ṣe pé wọ́n ka òfin náà tàbí wọn ò kà á.

Bó ṣe ń lọ gan-an rèé. Ẹni tó fi fóònù ya ara rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú Blue Line, kò sẹ́ni tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbé kámẹ́rà ńlá àti ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé jáde, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní iṣẹ́ gidi lọ́kàn, ẹ kọ lẹ́tà. LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà, ló ni àṣẹ lórí Blue Line àti àwọn sítéṣọ̀n Red Line. Ojú irin àtijọ́ àti ti Ìbàdàn, abẹ́ Nigerian Railway Corporation ló wà, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta sì ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wá, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe. Bí èsì bá dé, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè má gba èyí tó wà nínú fóònù gbọ́.

Bí ẹ̀ṣọ́ bá dá mi dúró ńkọ́?

Ẹ kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá" kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà wálẹ̀, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ yà hàn án, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń yà á. Bó bá ní kí ẹ kúrò, ẹ kúrò. Ọjọ́ mìíràn ń bẹ. Ẹ má ya ọlọ́pàá, sójà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn, kódà bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ti yọ lójijì.

Ibo ni mo lè dúró sí láìséwu?

Orí pèpéle, lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fà síbẹ̀. Orí afárá ẹlẹ́sẹ̀. Orí afárá ọkọ̀ níbi tí àyè ẹlẹ́sẹ̀ bá wà. Kò tún sí ibòmíì.

Ẹ má dúró láàárín ojú irin nítorí fọ́tò. Ọkọ̀ tuntun yìí kì í pariwo bíi ti àtijọ́, ó sì ń sáré jù ú lọ dáadáa. Bí awakọ̀ bá tiẹ̀ rí yín, kò lè dúró lójú ẹsẹ̀, irin lórí irin ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní PWD, n'Ìkẹjà, ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì odindi nìyẹn o.

Ti Blue Line tún le jù. Kò sí wáyà lókè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé kò sí iná níbẹ̀. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló gbé iná, fóólìtì (volt) 750. Bí ohunkóhun bá já bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ sítéṣọ̀n. Ẹ má bẹ́ sílẹ̀ lọ mú un, ì báà jẹ́ lẹ́ńsì tẹ́ ẹ fi owó oṣù mẹ́fà rà.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé ó tó?

Ó tó dáadáa. Sítéṣọ̀n, èèyàn, àkọlé, ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ irin, fóònù á yà wọ́n láìsí wàhálà. Ọkọ̀ tó ń sáré nìkan ló máa ń dojú tì í. Fóònù kì í ka gbogbo àwòrán pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà kan lẹ́yìn òmíràn ló ń kà á, kó sì tó ka ti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ti sún síwájú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi máa ń dẹ̀gbẹ́ nínú fọ́tò bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ẹ yà á nígbà tó bá ń wọlé sí sítéṣọ̀n díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ dúró síbi tó ti máa kọjú sí yín, kì í ṣe ibi tó ti máa gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá.

Bí ẹ bá ní kámẹ́rà, ẹ gbé shutter (ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú) sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá kí ọkọ̀ lè dúró ṣinṣin nínú fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ kí eré rẹ̀ hàn, ẹ sọ ọ́ di 1/30, kí ẹ máa yí kámẹ́rà tẹ̀lé e bó ṣe ń lọ. Ojú ọkọ̀ á mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á fà gbọọrọ. Nínú sítéṣọ̀n tó ń lo gílóòbù, ẹ lè rí ìlà dúdú tó dá fọ́tò ní ìbú. Iná ilẹ̀ wa ló ń ṣẹ́jú, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi shutter sí 1/50 tàbí 1/100, ìlà náà á lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ amúlétutù pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti inú ọkọ̀ tó tutù bọ́ sínú ooru Èkó, lẹ́ńsì á bu òógùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sínú báàgì kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún léraléra.

Àkókò wo ló dára jù?

Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́. Láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́ta, oòrùn wà lórí wa gan-an, òjìji á bo ojú gbogbo èèyàn.

Ojú irin Àgbàdo sí Oyìngbò, láti àríwá wá sí gúúsù ló lọ. Ní àárọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn ni kí ẹ dúró sí kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ sọdá. Blue Line yàtọ̀: láti Mile 2 dé Ìgànmú, ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló lọ. Ọkọ̀ tó ń lọ sí Màrínà láàárọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ máa tàn sí lójú, èyí tó ń padà sí Mile 2 ni ti ìrọ̀lẹ́.

Ilẹ̀ wa kì í pẹ́ ṣú. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ìdajì wákàtí ò ní pé tí òkùnkùn á fi kún. Àárín ìgbà díẹ̀ yẹn, tí ojú ọ̀run ṣì ní àwọ̀ aró, tí iná sítéṣọ̀n sì ti tàn, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà nídìí kámẹ́rà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, eruku á sọ oòrùn di róbótó pupa, ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ láti òkèèrè á máa yọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà òjò, omi tó dúró lórí pèpéle á fi ọkọ̀ hàn ní ìdojúdé. Ẹ má sá fún òjò.

Báwo ni mo ṣe lè ya ibi tí Blue Line ti ń gba orí ọ̀sà kọjá?

Lẹ́yìn sítéṣọ̀n National Theatre, ọkọ̀ á gun afárá orí omi lọ sí Màrínà. Bí ẹ bá wà nínú rẹ̀, ẹ máa rí ọkọ̀ ojú omi ní apá Àpápá àti àwọn ilé gogoro Erékùṣù Èkó tó ń dìde níwájú. Ẹ fi ẹnu lẹ́ńsì kan gíláàsì fèrèsé pátápátá, kí ẹ fi aṣọ dúdú yí i ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ara yín lẹ máa yà. Kì í pẹ́ kọjá. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ láti Mile 2, káàdì Cowry yín sì gbọ́dọ̀ lówó nínú kí ẹ lè padà lọ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ṣé mo lè fi drone yà á?

Láìgbàṣẹ, rárá o. Ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò àti NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú, ló ń fúnni láṣẹ. Red Line tún wá gba ìtòsí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kọjá.

Àwọn èèyàn tó wà nínú fọ́tò ńkọ́?

Bí èrò bá pọ̀, tí ẹnì kan kò dá yàtọ̀, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ojú ẹnì kan ni fọ́tò dá lé, ẹ bèèrè. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní Agége kò jókòó síbẹ̀ nítorí yín. Ẹ kí i, ẹ ra búrẹ́dì, ẹ sọ pé, "Màmá, mo fẹ́ ya fọ́tò yín àti ọjà yín, ṣé kò ní bí yín nínú?" Bó bá ní rárá, ó parí síbẹ̀. Bó bá gbà, ẹ tẹ fọ́tò náà jáde lọ fún un. Ìgbà tẹ́ ẹ bá padà lọ, á fi ibi tí ìsọ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ hàn yín, á sọ ẹni tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn fọ́tò náà á kún sí i. Ti ọmọdé, òbí rẹ̀ ló ni àṣẹ.

Ṣé ó yẹ kí n gbé kámẹ́rà dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn?

Bẹ́ẹ̀ ni, àní àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Sítéṣọ̀n Abẹ́òkúta ní Láderin ń jẹ́ Wole Soyinka, ti Mọ́níyà n'Ìbàdàn ń jẹ́ Obafemi Awolowo. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tóbi tó àti bí wọ́n ṣe jìnnà sí àárín ìlú. Sítéṣọ̀n àtijọ́ wà láàárín èèyàn, tuntun wà lẹ́yìn odi. Ìyípadà tó ń bọ̀ wá bá àwọn àdúgbò yẹn ti bẹ̀rẹ̀: pátákó "ilẹ̀ wà fún títà", ilé tí wọn ò tíì kàn lórùlé, ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò. Ẹ ya ìyẹn báyìí, kó tó di ìgboro.

Níbo ni mo ti lè rí fọ́tò àtijọ́ tí mo lè fi wé tèmi?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá ṣiṣẹ́ rélùwéè, ẹ wo àpótí ìwé wọn dáadáa. Yàtọ̀ sí Jaekel House, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà ní Kew. Ẹ béèrè fún àkójọ CO 1069, fọ́tò láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n jẹ gàba lé lórí ló wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò gbẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ irin kékeré kan tó ń gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó, ẹ má rò pé àṣìṣe ni. Ó ṣiṣẹ́ láti 1902 di 1933.

Kí ni kí n kọ sábẹ́ fọ́tò?

Ọjọ́, oṣù, ọdún. Orúkọ sítéṣọ̀n tàbí àdúgbò. Ibi tí ẹ dúró sí àti apá tí ẹ kọjú sí. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń lọ. Bí ẹ bá ya ohun tí wọ́n fẹ́ wó, ẹ kọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ń pè é, torí orúkọ yẹn kì í sí nínú ìwé ìjọba. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ yà á gan-an. Ẹ má gbọ́kàn lé WhatsApp láti tọ́jú rẹ̀, torí ó máa ń dín fọ́tò kù, ọjọ́ tó wà lára fáìlì sì lè ṣègbé. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ sí ọ̀nà méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì, kí ẹ sì tẹ díẹ̀ nínú wọn sórí bébà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsùlù.